Ìtòsí Ibi àti Ìtòsí Àkókò nínú Gẹ̀ẹ́sì Ojoojúmọ́: Lámèyítọ́ Ọ̀nà Tí A Ń Gbà Kọ́ Àwọn Olùkọ́ Ọ̀la

Ìfáárà

Nínú àwọn ìwé tí a fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ NCE ní Gẹ̀ẹ́sì, kò ṣọ̀wọ́n kí a rí àtẹ "àṣìṣe tó wọ́pọ̀". Apá òsì ni ohun tí ọmọ Nàìjíríà ń sọ máa ń wà. Apá ọ̀tún ni ohun tí wọ́n ní ó yẹ kó sọ. "I'm coming", "now now" àti "next tomorrow" wà lára àwọn tó máa ń bọ́ sí apá òsì. Ìtòsí ni gbogbo wọn ń sọ, yálà ìtòsí ibi tàbí ìtòsí àkókò. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ń ṣi olùkọ́ lọ́nà. Ó ń fìyà jẹ ohun tí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ó sì ń jẹ́ kí èyí tó lè pani lára kọjá lọ.

Ohun tí ojú wa rí ní Ogui New Layout

Mẹ́ta ni wá tí a lọ yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan wò, ẹni tó ń ṣe TP ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ogui New Layout, ní ìlú Enugu. Àwa méjì bọ́ sílẹ̀ ní Ogui Road, nítòsí pápá ìṣeré Nnamdi Azikiwe, a sì béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń ta okpa. Ó ní, "It's not far, it's just here." Ó tún fi Ìgbò sọ ọ́: "Ọ dị nso." A fi ẹsẹ̀ rìn fún bí ogún ìṣẹ́jú. Ìyá náà kò parọ́ fún wa. Ojoojúmọ́ ló ń rin ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ tirẹ̀ ló sì fi wọ̀n ọ́n.

Lẹ́tà tí ilé-ìwé kọ sí wa sọ pé iṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ "by 10 a.m." Àwa méjì kà á sí pé kí aago mẹ́wàá má bá wa lọ́nà, a sì ti jókòó síbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹnì kẹta kà á sí "ní nǹkan bí aago mẹ́wàá". Ìgbà tó fi dé, iṣẹ́ ti ń parí lọ. Aago mẹ́wàá gan-an ni ilé-ìwé ní lọ́kàn. Ẹ̀yìn iṣẹ́ nìkan ni ẹnì kẹta wa rí, òun náà sì fún akẹ́kọ̀ọ́ náà ní máàkì.

Láàárín iṣẹ́, ṣọ́ọ̀kì tán lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó sọ fún àwọn ọmọ pé, "I'm coming", ó sì jáde. Àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́ dè é. Ọ̀kan nínú wa fa ìlà pupa sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì yọ máàkì. Kò sí ẹni tó fa ìlà pupa sí lẹ́tà.

"I'm coming" kì í ṣe irọ́

Níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ní "come" kan ṣoṣo, méjì ni Yorùbá ní: wá àti bọ̀. Ẹni tó ń jáde kì í sọ pé "mò ń wá". "Mò ń bọ̀" ni yóò sọ. Bọ̀ yìí náà ló wà nínú àlọ àti àbọ̀. Àbọ̀ rẹ̀ ni onítọ̀hún ń kéde, kì í ṣe ìjáde rẹ̀. Ó fẹ́ kí a mọ̀ pé òun kò lọ jìnnà, òun kò sì ní í pẹ́. Ìgbò náà ń sọ "ana m abịa" ní irú àsìkò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ náà fi yé àwọn ọmọ Ogui láìsí àlàyé.

Ẹni tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù yóò sọ pé "I'll be right back". "Back" ni Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe iṣẹ́ tí bọ̀ ń ṣe fún wa. Bí olùkọ́ bá ṣàlàyé èyí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò mọ ohun tó sọnù lójú ọ̀nà nígbà tí bọ̀ di "come", yóò sì mọ̀ pé ẹni tí kò gbọ́ èdè wa lè máa retí pé kí òun máa sún mọ́ ọn. Ìlà pupa kò lè kọ́ ọ ní èyí.

Gẹ̀ẹ́sì náà kò fi okùn wọn ìtòsí

Àtẹ yìí tún ń jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé Gẹ̀ẹ́sì àwọn Òyìnbó kò ní tìkọ̀. Bí wọ́n bá ní ilé kan jẹ́ "a stone's throw", apá ta ló sọ òkò náà? "Around the corner" ń tọ́ka sí ṣọ́ọ̀bù tó wà ní kọ́nà, ó sì ń tọ́ka sí Kérésìmesì tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. "Just" ń sọ ohun tó ti kọjá, "he has just left"; ó tún ń bá ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rìn, "he is just about to leave". Yorùbá ya méjèèjì sọ́tọ̀: ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ. "Now now" wa túmọ̀ sí lójú ẹsẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, láìpẹ́ ló túmọ̀ sí, "just now" wọn sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló ń yá ọ̀rọ̀ ibi lò fún àkókò. Àwa ń sọ pé ọdún ti sún mọ́lé. Ẹsẹ̀ tí a fi ń rìn náà ló wà nínú "lójú ẹsẹ̀" àti "lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀", gẹ́gẹ́ bí "on the spot" ṣe jẹ́ ibi tó di àkókò.

Ní ti "next tomorrow", ọ̀túnla ni. Ìgbò ń pè é ní nwanne echi, ọmọ ìyá ọ̀la. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ìwé atúmọ̀-èdè Oxford gba ọ̀rọ̀ náà wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà mìíràn, wọ́n sì tọpa rẹ̀ nínú ìwé dé ọdún 1953. Àwa ṣì ń fa ìlà pupa sí i.

Ibi tí ewu wà

"By" kì í sábà sí nínú àtẹ, nítorí aṣọ Gẹ̀ẹ́sì tó pé ló wọ̀. Fún Òyìnbó, "by ten" túmọ̀ sí pé aago mẹ́wàá kò gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́nu ọ̀pọ̀ wa, aago mẹ́wàá gan-an ni, tàbí nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ẹni tó fẹ́ lọ ṣe ìdánwò tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́ lè tìtorí ọ̀rọ̀ kékeré yìí pàdánù. Ohun tó yẹ kí a máa kọ́ni tọkàntọkàn nìyẹn.

Àwa olùkọ́ Yorùbá náà ní ẹ̀bi tiwa. A máa ń sọ pé "bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn", a ó sì bá tiwa lọ. Ìyẹn kò ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá ti di èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ọ̀nà Gẹ̀ẹ́sì àti ọ̀nà tiwa ti pínyà.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Dípò àtẹ olójú méjì, a dábàá ìbéèrè mẹ́ta tí olùkọ́ lè bi akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìtòsí kọ̀ọ̀kan: Níbo ni ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dúró sí tó ti ń wọ̀n ọ́n? Kí ni ẹni tó wà níwájú rẹ̀ yóò gbọ́? Kí ni àlejò yóò gbọ́? Bí ìdáhùn kejì àti ìkẹta bá yàtọ̀, kí a kọ́ ọmọ ní méjèèjì. Bí ìdáhùn kejì fúnra rẹ̀ bá ń mì, bíi ti "by", kí a wá ọ̀rọ̀ mìíràn.

A dá máàkì tí a yọ padà fún akẹ́kọ̀ọ́ náà, a sì pinnu láti tún lọ wo iṣẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú lẹ́tà tí a kọ sí ilé-ìwé náà, "at 10 a.m." ni a kọ.