Ìmọ̀ Yíyẹ Aago Àtijọ́ Wò

Iṣẹ́ tó yẹ kí a bọlá fún ni yíyẹ aago ọwọ́ àtijọ́ wò, nítorí pé ojú tó mọ aago ni kì í jẹ́ kí owó ṣòfò. Fún ẹni tó bá ti Kambolé tàbí Tchamba wọ ọjà Sokodé ní Togo, aago tó dára láti fi kọ́ ìmọ̀ yìí ni Seiko 5, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Japan ní 1963, tí mímì apá ẹni tó wọ̀ ọ́ sì ń wáyìn rẹ̀ láìlo bátìrì.

Ẹ̀yìn aago ni a kọ́kọ́ ń kà. Nọ́ńbà mẹ́rin kan níbẹ̀, bíi 6119, ni orúkọ ẹ̀rọ inú rẹ̀. Nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, èyí tó ṣáájú ni òǹkà tó parí ọdún tí wọ́n ṣe é, èyí tó tẹ̀lé e sì ni oṣù, tí O, N àti D dúró fún oṣù kẹwàá, ìkọkànlá àti ìkejìlá. Bí nọ́ńbà ìdánimọ̀ aago tó ní ẹ̀rọ 6119 bá fi 3N bẹ̀rẹ̀, oṣù kọkànlá 1973 ni wọ́n ṣe é, nítorí pé ẹ̀rọ náà kò tíì sí ní 1963, wọn kò sì ṣe é mọ́ ní 1983.

Bí lẹ́tà ojú aago bá wú, tàbí tí nọ́ńbà wínníwínní ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti parẹ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti tún un kùn. Ó tún yẹ kí atún-aago-ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí owó tó jáde, kí a lè rí i pé nọ́ńbà ara ẹ̀rọ bá ti ẹ̀yìn mu. Aago tí a fi ẹ̀yà oríṣiríṣi tò pọ̀ ṣì wúlò, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó ti ojúlówó.