Orí Bíbẹ́ Kọ́ ni Oògùn Orí Fífọ́: Àríwísí lórí Fífi Òfin De Ètò Agbóhùn-gbáwòrán-jáde lórí Kọ̀ǹpútà Iléeṣẹ́

Ìfáárà
Láti Ọ̀nà Ọba Akran ní Ìkẹjà títí dé Ògbà àti Agége ni iléeṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní Ìkẹjà yìí kan náà ni Computer Village wà, ọjà tí òkìkí rẹ̀ kàn fún títà àti títún kọ̀ǹpútà ṣe. Kò ṣòro nígbà náà fún òṣìṣẹ́ láti rí ètò tí ń lu orin tàbí tí ń gbé fíìmù jáde, kí ó sì fi í sórí kọ̀ǹpútà ọ̀gá rẹ̀. Òfin tí alábòójútó kọ̀ǹpútà máa ń tètè gbé kalẹ̀ ni pé kí a pa gbogbo irú ètò bẹ́ẹ̀ rẹ́. Èrò aáyan yìí ni pé òfin náà ní ìdí, ṣùgbọ́n kò ba ibi tó yẹ.

Ìdí Òfin Náà
Kì í ṣe àsọdùn pé ewu wà níbẹ̀. Ayédèrú ètò lè kó kòkòrò wọlé; fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń jẹ dátà. Ojúlówó pàápàá lè di ewu bí ẹni tó ṣe é bá pa á tì. Ní 2016, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan gba aráàlú níyànjú láti yọ QuickTime kúrò lórí Windows nítorí àlébù tí Apple kò ní tún ṣe mọ́.

Àbùkù Rẹ̀
Bí òfin bá ń lé orúkọ ètò nìkan, ẹni tó bá yí orúkọ fáìlì padà ti bọ́. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà Windows XP ní 2001 ni alábòójútó ti lè sọ ibi tí ètò gbọ́dọ̀ wà kí ó tó ṣiṣẹ́. AppLocker, tó bá Windows 7 wọlé ní 2009, tún mú un gbòòrò. Ètò inú fláàṣì kò ní ṣiṣẹ́. Èyí tí alábòójútó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, bíi VLC tó jẹ́ ọ̀fẹ́, yóò ṣiṣẹ́.

Àbùkù kejì kan ẹ̀kọ́ gan-an. Òṣìṣẹ́ tuntun kò ní lè wo fídíò tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣọ́ra lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì yá irú òfin yìí lò, olùkọ́ èdè ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ohùn ni Yorùbá fi ń ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Yàrá kọ̀ǹpútà tó yadi kò lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìyàtọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ ni kò lè jẹ́ kí ó gbọ́ ìjálá tàbí ẹkún ìyàwó.

Ìkádìí
Àwọn àgbà ló ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Kí alábòójútó tó ṣòfin, ó yẹ kí ó bi àwọn tó ń lo kọ̀ǹpútà léèrè iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ohùn àti àwòrán ṣe. Lẹ́yìn náà, kí ó yan ètò kan, kí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, kí ó máa sọ ọ́ dọ̀tun, kí ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyókù.