Ìkànnì Olójú-Ewé Kan

Ẹni tí ó ń kọ́ ìkànnì fún àwọn oníbàárà láìsí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan ní láti kọ́kọ́ kọ́ ti ara rẹ̀, nítorí pé bí oníbàárà ṣe máa ń wo aṣọ tí ó wà lọ́rùn télọ̀ kí ó tó kó aṣọ tirẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò wo ìkànnì òṣìṣẹ́ yìí kí ó tó bá a dúnàádúrà. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kún fún àwòrán tí ń rìn, tí ń fò, kí ó tó lè fi hàn pé ọ̀gá ni ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dunjú mọ̀ pé ojú-ewé kan ṣoṣo tí ó fúyẹ́, tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣeé kà lórí fóònù kékeré, ni ó ṣòro jù láti ṣe, òun náà ni ó sì lẹ́wà jù.

Láti orí irú ojú-ewé bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìkànnì àkọ́kọ́ tí Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1991 ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tí ó wà lẹ́bàá Geneva, kò ní àwòrán kankan: ọ̀rọ̀ ni, pẹ̀lú ìjápọ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń tẹ̀ kí ó lè gbé e lọ sí ojú-ewé mìíràn. HTML, èdè àmì tí a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé èyí ni àkọlé, èyí ni ìpínrọ̀, ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ̀dà rẹ̀ tí CERN dá padà sí àdírẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní 2013 sì ń ṣí lórí fóònù òde òní.

Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń fi dátà tí wọ́n fowó rà wo ìkànnì, ìfúyẹ́ yìí jẹ́ ọ̀wọ̀ fún àpò wọn. Àwòrán tí a gbé tààrà láti inú kámẹ́rà fóònù lè tó mẹ́gábáìtì 3 sí 5, bẹ́ẹ̀ a lè dín in kù sí ìsàlẹ̀ kílóbáìtì 200 láìjẹ́ pé ojú fura.

Ibi tí ọwọ́ oníṣẹ́ ti ń hàn jù ni kíkọ èdè Yorùbá. UTF-8, ìlànà tí Ken Thompson àti Rob Pike gbé kalẹ̀ ní 1992 láti fi nọ́ńbà tọ́jú lẹ́tà onírúurú èdè, ni a gbọ́dọ̀ dárúkọ lókè fáìlì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, orúkọ oníbàárà lè di àmì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà. Unicode, tí í ṣe àkójọ lẹ́tà àgbáyé, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, ó ní òmíràn fún é, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́. Ẹ ni a ó kọ́kọ́ kọ, kí a tó wá gbé àmì ohùn òkè lé e lórí gẹ́gẹ́ bí àmì ọ̀tọ̀. Nítorí náà, fọ́ǹtì, ìyẹn ìrísí tí a yàn fún lẹ́tà, tí kò mọ bí a ti ń to irú àmì bẹ́ẹ̀ yóò jẹ́ kí ó yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí ó gun lẹ́tà kejì. Ó dunni gan-an láti rí orúkọ ọmọ Yorùbá lórí ìkànnì tirẹ̀ láìní àmì kankan, nígbà tí ó jẹ́ pé fọ́ǹtì tí ó dára wà lọ́fẹ̀ẹ́. Bí a bá sì kọ lang="yo" sí ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì, ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè fún afọ́jú yóò mọ èdè tí ó ń kà.

Ní ti àdírẹ́ẹ̀sì, ìbáà jẹ́ .com tàbí .ng ti Nàìjíríà, èyí tí àjọ NiRA ń bójú tó, ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí ó wà lórúkọ òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, kí ó lè kó fáìlì rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ olùpèsè ààyè ìkànnì kan lọ sí òmíràn láìjẹ́ pé oníbàárà sọ ọ́ nù.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà mọ́ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni: ó lè ṣí kóòdù ojú-ewé náà nínú búráúsà lórí kọ̀ǹpútà, kí ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ó wò ó bóyá àkọlé wà níbi tí ó yẹ kí àkọlé wà. Báyìí náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ṣe kọ́ ọ, nípa kíka fáìlì tí ẹlòmíràn kọ.