Ohùn Barrister Lẹ́nu Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá dé òde ìnáwó, ẹ lè bá ọmọkùnrin kan níbẹ̀ tí yóò dijú, tí yóò sì gbé ohùn Alhaji Sikiru Ayinde Barrister jáde, àfi bí ẹni pé ọ̀gá fújì náà kò tíì kú láti oṣù Kejìlá ọdún 2010. Owó a sì máa rọ̀ lé e lórí. A kò bá a jà. Ohùn tí a rò pé ó ti lọ, tí a tún gbọ́, ó dùn mọ́ni.

Àfarawé kì í ṣe àlejò nínú fújì. Inú wéré, tí wọ́n fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú Ramadan, ni Barrister fúnra rẹ̀ ti wá. Wasiu Ayinde bá Barrister ru ohun èlò, orúkọ ọ̀gá sì wà lára tirẹ̀ lórí àwo. Síbẹ̀, nígbà tí Talazo '84 jáde, àrà tirẹ̀ ni wọ́n ń jó.

Òyìnbó náà ń ṣe é. Láti 1988 ni ẹgbẹ́ Björn Again ti Ọsirélíà ti ń kọ orin ABBA, ṣùgbọ́n wọn kò fi í pamọ́ pé orin ABBA ni. Tiwa ń yọ orúkọ ẹni tí Barrister kì, ó ń fi ti olóde sí i (ẹ gbà wá o!), kò sì dárúkọ ẹni tó ni orin.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan tí a gbọ́ dá orin ara rẹ̀ kan ṣoṣo nígbà tí òde fẹ́ẹ́ tú. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Òun la kọ délé.