Àpò Ọ̀rọ̀ Lákúnlé: Àgbéyẹ̀wò Ìkọ́ni ní Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Jíjinlẹ̀ nínú The Lion and the Jewel

Láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eré The Lion and the Jewel ní Ìbàdàn ní ọdún 1959 ni àwọn lámèyítọ́ ti ń wo Lákúnlé, olùkọ́ ilé-ìwé abúlé Ìlújinlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ẹni tí ọ̀làjú da orí rẹ̀ rú. Wọ́n ní òun ni ó dúró fún àṣà àtọ̀húnrìnwá, Baálẹ̀ Bárókà ni ó dúró fún àṣà ìbílẹ̀, Sídì sì ni ẹwà tí àwọn méjèèjì ń dù. Òtítọ́ wà nínú àlàyé yìí, ṣùgbọ́n ó ti di orin tí wọ́n ń kọ ní àkọtúnkọ. Ohun tí wọn kì í sábà tọ́ka sí, tí ó sì kan ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, ni pé olùkọ́ ni Wọlé Ṣóyínká fi ṣe ẹlẹ́gírámà inú eré yìí, ó sì jẹ́ kí òǹwòran mọ ibi tí ó ti ń kó ọjà rẹ̀ wá: inú atúmọ̀-èdè.

Ọ̀rọ̀ owó-orí ìyàwó ni ó tú àpò náà. Sídì ní kí Lákúnlé san owó-orí òun kí ó tó lè fẹ́ òun. Dípò kí ó fèsì, ṣe ni ó to ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí ó ju mẹ́wàá lọ léra wọn láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àṣà náà. Nígbà tí ó dákẹ́ láti mí, Sídì bi í bóyá àpò ti gbẹ. Èsì rẹ̀ ni pé atúmọ̀-èdè kékeré ni òun ní, pé òun ti ránṣẹ́ ra ńlá. Òǹwòran a bú sẹ́rìn-ín. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó bá rẹ́rìn-ín tán padà wá yẹ àwọn ọ̀rọ̀ náà wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn lórí “barbaric” àti “archaic”. Wọ́n bá àṣà rìn. “Excommunicated” ńkọ́? Ènìyàn ni ìjọ máa ń yọ kúrò láàárín ara rẹ̀, kì í ṣe àṣà. “Remarkable” burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ìyìn ju èébú lọ ni: Lákúnlé ń bú àṣà, ó sì ń yìn ín láìmọ̀. Bí a bá wo ibi tí ó ti sọ ọ́ dáadáa, àṣírí yóò tú. “Redundant”, “retrogressive” àti “remarkable” ni wọ́n tẹ̀ lé ara wọn, “re” ni ó sì bẹ̀rẹ̀ gbogbo wọn, bí ẹni pé ìwé atúmọ̀-èdè ṣì wà ní ṣíṣí sílẹ̀ ní ojú-ewé kan náà lọ́kàn olùkọ́ yìí. Ìró ni ó fi há wọn sórí. Sídì kò lọ sí ilé-ìwé, síbẹ̀ òun ni ó kọ́kọ́ sọ pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí máa ń dún, tí kò sì ní ìtumọ̀.

Ìjẹyọpọ̀ ọ̀rọ̀ ni Lákúnlé kò kọ́. Nínú èdè Yorùbá, ìkòkò a máa fọ́, aṣọ a máa ya, okùn a máa já, igi a máa dá. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọra, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún márùn-ún kò ní sọ pé okùn fọ́ tàbí pé ìkòkò ya. Kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sí ojú pátákó fún un. Ẹnu àwọn tí ń sọ ọ́ ni ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohun tí ó ń bá rìn. Nígbà tí ó bá kan Gẹ̀ẹ́sì, olùkọ́ a gbàgbé èyí. A to ọ̀rọ̀ ogún sí apá òsì pátákó, a to èyí tí ìtumọ̀ wọn jọra sí apá ọ̀tún, a sì ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há a sórí nítorí WAEC àti JAMB. Ìdánwò ni wọ́n máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù, bẹ́ẹ̀ sì ni inú gbólóhùn ni ìdánwò wọ̀nyí máa ń fi ọ̀rọ̀ sí kí wọ́n tó béèrè èyí tí ó sún mọ́ ọn tàbí tí ó jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Olùkọ́ ni ó yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú gbólóhùn.

Kí a má sì fi gbogbo ẹ̀bi ru Lákúnlé. Òǹgbẹ ọ̀rọ̀ kì í ṣe àbùkù, pàápàá fún ọ̀dọ́mọkùnrin ọdún mẹ́tàlélógún tí ó dá nìkan wà pẹ̀lú ìwé ní abúlé. Àléébù gidi fara hàn ní ìparí eré. Nígbà tí Sídì ti ọ̀dọ̀ Bárókà dé, Lákúnlé ní òun yóò ṣì fẹ́ ẹ, ó sì yára fi kún un pé kò sí ìdí fún owó-orí mọ́, níwọ̀n ìgbà tí kì í ti í ṣe wúńdíá. Inú àṣà tí ó fi gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn bú ni ó ti mú ìdí yìí jáde. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó wọ inú èrò rẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Ṣóyínká kọ́ ni ó yẹ kí ó fi ẹlẹ́gírámà ṣe yẹ̀yẹ́. Chinweizu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì fi ẹ̀sùn kàn án nínú ìwé wọn tí ó jáde ní 1980 pé ewì rẹ̀ le ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ̀sùn náà kò sì ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn pátápátá. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà. Nígbà tí ó túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà ní 1968, “daemons” ni ó lò fún irúnmalẹ̀ nínú àkọlé rẹ̀, kò lo “demons”. Ẹ̀mí èṣù ni ìkejì jẹ́ létí ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì. Èkíní bá ìtumọ̀ àtijọ́ ti àwọn Gíríìkì lọ: ẹ̀mí tí ó wà láàárín òrìṣà àti ènìyàn, tí ó lè ṣe rere, tí ó sì lè ṣe ibi. Lẹ́tà kan péré ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ lójú ìwé. Atúmọ̀-èdè kékeré Lákúnlé lè ní méjèèjì nínú. Ẹni tí ó mọ igbó Fágúnwà ni yóò mọ èyí tí yóò mú.