Ohun Tí Lẹ́tà Kò Sọ

Ní ilẹ̀ Írẹ́lándì láyé àtijọ́, bí ọmọ ilé bá fẹ́ bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Amẹ́ríkà, àwọn ará ilé a máa ṣe àìsùn fún un ní òru tí ó ṣáájú ìrìn-àjò náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe àìsùn òkú. Wọ́n mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń lọ kò ní í padà wá mọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, lẹ́tà ni yóò máa jẹ́rìí pé ẹni tí wọ́n sunkún rẹ̀ ṣì wà láàyè. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni òpómúléró ìwé ìtàn àròsọ Brooklyn, tí Colm Tóibín, ọmọ bíbí ìlú Enniscorthy, gbé jáde ní ọdún 2009.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ará Enniscorthy kan náà ni Eilis Lacey. Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé 1950, ó rí iṣẹ́ ní ilé ìtajà kan ní Brooklyn, ó sì fi ìyá rẹ̀ tí ó jẹ́ opó àti Rose ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń kọ lẹ́tà sílé. Àárò ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a gúnlẹ̀, ṣùgbọ́n kò kọ ìyẹn. Nígbà tí Tony, ọmọ ìdílé Ítálì tí ń ṣe iṣẹ́ páìpù omi, di olólùfẹ́ rẹ̀, Rose nìkan ni ó kọ ọ́ sí, ibi iṣẹ́ Rose ni ó sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí, kí ìyá wọn má baà rí i.

Ẹni tí ẹnu rẹ̀ yá láti dájọ́ lè pe Eilis ní elékèé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ tí ó wà lókè òkun mọ̀ pé òun kò ní í sí nítòsí láti nu omijé tí lẹ́tà òun bá fà. Rose pàápàá mọ̀ pé àìsàn ọkàn ń bá òun jà, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé títí ikú fi mú un lọ lójú oorun. Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀. Ohun tí ń ṣe kálukú kò sí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé náà kò jẹ́ kí àánú yìí lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn ikú Rose, Eilis ṣe ìgbéyàwó ìkọ̀kọ̀ pẹ̀lú Tony kí ó tó wá kí ìyá rẹ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Ọkùnrin mìíràn, Jim Farrell, ti fẹ́ fi í ṣe aya nígbà tí Miss Kelly, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ránṣẹ́ pè é, tí ó sì fi yé e pé òun ti gbọ́: ìbátan òun ni onílé tí Eilis ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Brooklyn.

Lámèyítọ́ kan lè sọ pé èyí ṣe kòńgẹ́ jù. Lójú tèmi, òun ni òótọ́ tí ó tóbi jù nínú ìwé náà. Ará ìlú ni í báni wá iṣẹ́ àti yàrá nílẹ̀ àjèjì. Àlùfáà ọmọ Írẹ́lándì ni ó wá iṣẹ́ fún Eilis. Ọ̀nà tí ó gbé e lọ náà ni òfófó gbà padà. Ìfẹ́ tí ó bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní ìfẹ́ láti tú u síta.

Ọjọ́ náà gan-an ni Eilis fi ẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ fún ìyá rẹ̀. Ìyá kò pariwo. Ó béèrè ìwọ̀nba ọ̀rọ̀, ó ní kí àwọn dágbére lálẹ́ ọjọ́ náà, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wọ yàrá lọ. Àìsùn àtijọ́ ni èyí, láìsí ará àdúgbò tí yóò báni ṣe é. Ìròyìn tí kò wọ inú lẹ́tà kankan dé ilé níkẹyìn, ó sì bá ìyá kan nínú ilé tí yóò máa dá gbé.