Àpótí Òwìwí àti Orúkọ Ẹyẹ: Láti Mayfair dé Alexandra

Orúkọ a máa fi ipò tí àwùjọ fi ẹ̀dá sí hàn. Ẹyẹlé ní ilé nínú orúkọ rẹ̀. Abájọ tí òwe fi kà á mọ́ ará ilé, tó ń bá onílé jẹ, tó ń bá a mu, tí kì í sì í yẹrí lọ́jọ́ ikú. Òwìwí kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Bó bá ké lórí òrùlé lóru, èpè ni yóò fi gbà, nítorí pé ẹyẹ òru àti àwọn tí à ń fi ẹ̀rọ̀ pè ní ẹlẹ́yẹ ti wọnú ara wọn nínú èrò Yorùbá. Àwọn Zulu ní Gúúsù Áfíríkà ń pe òwìwí ní isikhova. Ọ̀pọ̀ nínú wọn náà a sì máa so ó mọ́ umthakathi, èyíinì ni àjẹ́ tàbí oṣó. Ètò ilé ẹyẹ nínú ilé tuntun kò lè yẹ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀.

Ní Mayfair, ní ìwọ̀-oòrùn àárín ìlú Johannesburg, ilé àtijọ́ onípáànù tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú kò ránṣẹ́ pe ẹyẹ kankan. Síbẹ̀, ihò abẹ́ òrùlé rẹ̀ lè gbà wọ́n. Òwìwí olójú funfun kì í kọ́ ìtẹ́. Ihò igi, àjà ilé tàbí ìtẹ́ ńlá tí ẹyẹ mìíràn fi sílẹ̀ ló máa ń yé sí. Nígbà tí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí a dí gbogbo ihò rẹ̀ pa bá rọ́pò irú ilé bẹ́ẹ̀, a ti lé ayálégbé kan jáde láìmọ̀, eku sì ṣẹ́kù.

Ọ̀nà méjì ni a ti gbà wá ojútùú. Láti ọdún 2020 ni ìgbìmọ̀ ìlú Brighton and Hove ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń béèrè pé kí ilé tuntun tó ga ju mítà 5 lọ ní bíríkì oníhò fún ẹyẹ kan tó jọ alápàáǹdẹ̀dẹ̀, tí í sá fún òtútù wá sí Áfíríkà. Ní Alexandra, ní Johannesburg kan náà, ètò tí EcoSolutions dá sílẹ̀ ṣáájú ọdún 2015 gbé àpótí òwìwí sí ọgbà ilé-ìwé. Bí òwìwí bá gbé eku mì, ó máa ń bi irun àti egungun rẹ̀ jáde ní ìṣù; àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tú ìṣù yìí wò, wọ́n sì ń fi ojú ara wọn rí ohun tí ẹyẹ náà ń jẹ.

Òfin Brighton lágbára lórí ògiri, ṣùgbọ́n kò bá onílé sọ̀rọ̀. Ètò Alexandra bá ọmọ onílé sọ̀rọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn tí ilé ti dúró tán ni àpótí rẹ̀ dé. Májèlé eku sì ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́: eku tó jẹ ẹ́ kì í kú lójú ẹsẹ̀, òwìwí tó bá gbé e lè máa ṣẹ̀jẹ̀ sínú títí yóò fi kú.

Síbẹ̀, bí a bá ní láti yan ọ̀kan, ti Alexandra ló jinlẹ̀ jù. Ihò tí òfin dá sí lára ògiri, onílé tí ẹ̀rù ń bà lè fi sìmẹ́ńtì dí i lọ́jọ́ kan. Ọmọ tó ti ka egungun eku nínú ìṣù òwìwí kò ní yára ju òkò. Níhìn-ín ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè wà. Bí òwìwí bá wọ ìwé kíkà gẹ́gẹ́ bí apẹku, tí ẹ̀kọ́ sì jẹ́wọ́ ẹ̀rù àwọn àgbà láì fi wọ́n ṣẹ̀sín, orúkọ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ní ilé nínú bí ti ẹyẹlé.